Alájọgbé àti Àfibọ̀: Pípe Fọ́ńṣọ̀n láti Ẹ̀yìn Òde Fáìlì Rẹ̀

Ìfáárà

Ẹni tí yóò ṣẹ̀dá èdè-ìperí fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí dájú, kí ó tó wá orúkọ fún un. Òótọ́ yìí hàn gbangba nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, níbi tí nǹkan méjì ti lè jọ ara wọn lójú, kí ìwà wọn sì yàtọ̀ pátápátá. Àpẹẹrẹ kan ni oríṣi fọ́ńṣọ̀n méjì tí ó lè wà nínú fáìlì kan náà nínú èdè MATLAB: èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'subfunction' àti èyí tí ó ń pè ní 'nested function'. Inú fáìlì ni méjèèjì fara pamọ́ sí. Ẹni tí ó wà ní ìta kò sì lè fi orúkọ lásán pe èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni àwọn tí ó lè pe èkíní, ọ̀tọ̀ ni àwọn tí ó lè pe èkejì. Ohun tí ó sì ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde nígbà tí ó bá bọ́ sí ìta yàtọ̀ pẹ̀lú.

Bí olùtumọ̀ bá pe méjèèjì ní 'fọ́ńṣọ̀n kékeré' tàbí 'ọmọ fọ́ńṣọ̀n', akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé nǹkan kan náà ni wọ́n. Àṣìṣe yìí lè má hàn nínú ìwé. Ojú ẹ̀rọ ni yóò ti hàn, nígbà tí ètò bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, tàbí, èyí tí ó burú jù, nígbà tí ó bá ṣiṣẹ́ tí ó sì mú èsì tí kò tọ̀nà wá láìsí ìkìlọ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni pé orúkọ tí ó bá yẹ fún fọ́ńṣọ̀n gbọ́dọ̀ fi ẹni tí ó lè pè é hàn, kí ó sì fi ohun tí òun àti ẹlòmíràn jọ ní hàn.

Ọ̀rọ̀ náà 'fọ́ńṣọ̀n'

Fọ́ńṣọ̀n ni àkójọ àṣẹ tí ó ní orúkọ kan, tí ó ń gba nǹkan wọlé, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, tí ó sì lè dá èsì padà. Àwọn kan lè fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ jẹ́ 'iṣẹ́'. Ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò jù: iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ tí olùkọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ àti iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe lọ́wọ́, iṣẹ́ ni gbogbo wọn. 'Àṣẹ' náà kò bá a mu, nítorí pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú fọ́ńṣọ̀n ni àṣẹ. Bí odidi bá sì ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ẹ̀yà ara rẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ ni yóò dé. Ọ̀rọ̀ àyálò yìí, fọ́ńṣọ̀n, ni ó tọ́ níhìn-ín. Olùkọ́ ìṣirò àti olùkọ́ kọ̀ǹpútà lè jọ lò ó, ó sì rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe kún un: fọ́ńṣọ̀n olórí, fọ́ńṣọ̀n alájọgbé, fọ́ńṣọ̀n àfibọ̀, fọ́ńṣọ̀n aláìlórúkọ.

MATLAB àti òfin fáìlì rẹ̀

Cleve Moler, onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì New Mexico ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ MATLAB àkọ́kọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1970, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè lo àkójọ ètò LINPACK àti EISPACK láìjẹ́ pé wọ́n kọ èdè Fortran fúnra wọn. Ní 1984, òun àti Jack Little wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ MathWorks sílẹ̀ láti máa ta á. Nínú MATLAB àkọ́kọ́ yẹn, ẹni tí ń lò ó kò lè kọ fọ́ńṣọ̀n tirẹ̀ sínú fáìlì. MATLAB ti MathWorks ni ó ṣí ilẹ̀kùn yìí.

Òfin tí ó bá ilẹ̀kùn náà wá ṣe tààrà. Fọ́ńṣọ̀n tí ó ṣáájú nínú fáìlì ni fọ́ńṣọ̀n olórí. Orúkọ fáìlì sì ni gbogbo ayé fi ń pè é. Àwọn yòókù tí ó tẹ̀lé e dà bí àwọn tí ń gbé inú agboolé kan: orúkọ baálé ni àlejò fi ń bèèrè ilé, kò mọ orúkọ àwọn ará inú rẹ̀.

Fọ́ńṣọ̀n alájọgbé

Ẹ wo àpẹẹrẹ kìíní, fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ iwonooru.m, tí ó ń yí ìwọ̀n ooru padà láti Celsius sí Fahrenheit:

(1)
function f = iwonooru(c)
f = po(c) + 32;
end
function y = po(x)
y = 1.8*x;
end

Bí ènìyàn bá tẹ iwonooru(100), èsì yóò jẹ́ 212. Bí ó bá tẹ po(100) láti ìta, MATLAB yóò dáhùn pé òun kò mọ orúkọ náà. Ìdáhùn yìí tilẹ̀ sàn, nítorí pé ó jẹ́ ìkìlọ̀. Ewu gidi ń bẹ níbẹ̀ bí fáìlì mìíràn tí ń jẹ́ po.m bá wà lójú ọ̀nà tí MATLAB ń gbà wá fáìlì. Nígbà náà, po ti òde ni yóò dáhùn, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ẹlòmíràn ni ó jẹ́ ìpè. Nínú iwonooru.m, po ti inú ilé ni ó ń borí. Ní ìta, ti òde ni. Orúkọ kan ṣoṣo, èsì méjì.

Kí ni orúkọ tí ó yẹ kí irú fọ́ńṣọ̀n yìí máa jẹ́ ní Yorùbá? Ìpìlẹ̀ 'sub' nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dọ́gbọ́n sọ pé ó wà lábẹ́ òmíràn, nítorí náà olùtumọ̀ lè sáré pè é ní 'fọ́ńṣọ̀n abẹ́'. Ṣùgbọ́n po kò sí lábẹ́ iwonooru. Kò mọ c, kò mọ f. Àká ayípadà tirẹ̀ dá dúró. Gbogbo ohun tí àwọn méjèèjì jọ ní kò ju ibùgbé lọ: fọ́ńṣọ̀n yòówù tí ó wà nínú fáìlì náà lè pe èkejì rẹ̀. Wọ́n jọ ń gbé, wọn kò jọ ń jẹun. 'Fọ́ńṣọ̀n alájọgbé' ni ó sọ bí ó ti rí gan-an.

Ẹ̀rí méjì ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Èkíní ni pé àwọn tí ó ni MATLAB fúnra wọn fi 'subfunction' sílẹ̀ nígbà tí ó yá nínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn, wọ́n sì ń lo 'local function', èyí tí kò sọ̀rọ̀ abẹ́ mọ́. Èkejì ni pé láti 2016 ni irú fọ́ńṣọ̀n bẹ́ẹ̀ ti lè wà nínú fáìlì àṣẹ lásán tí kò ní fọ́ńṣọ̀n olórí rárá. Níbi tí kò ti sí olórí, abẹ́ ta ni yóò wà? Àjọgbé ṣì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Fọ́ńṣọ̀n àfibọ̀

Ní 2004 ni MATLAB 7 gbà á láàyè pé kí ènìyàn kọ odidi fọ́ńṣọ̀n kan sí àárín òmíràn, kí ọ̀rọ̀ 'end' ti èyí tí ó wà nínú tó di èyí tí ó wà lóde mọ́. Ẹni tí ó bá wo 'nest' nínú ìwé atúmọ̀ èdè yóò bá ìtẹ́ ẹyẹ pàdé. Kò sí ẹyẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí: abọ́ tí wọ́n tò sínú ara wọn, èyí tí ó kéré nínú èyí tí ó tóbi, ni àwòrán tí Gẹ̀ẹ́sì ní lọ́kàn.

Kò sì sí ìdí láti wá orúkọ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn onímọ̀ gírámà Yorùbá ti ní in lọ́wọ́ tipẹ́. Nínú 'Olú mọ̀ pé Adé ti dé', gbólóhùn oníbọ̀ ni odidi rẹ̀. 'Adé ti dé' ni wọ́n fi bọ inú rẹ̀. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni fọ́ńṣọ̀n tí ó wà nínú òmíràn: fọ́ńṣọ̀n àfibọ̀ ni yóò máa jẹ́, èyí tí ó gbà á sínú yóò sì jẹ́ fọ́ńṣọ̀n oníbọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́ gírámà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama yóò tètè lóye pé àfibọ̀ kì í dá dúró, pé apá kan odidi ni.

(2)
function e = onka(ibere)
n = ibere;
e = @fikun;
    function k = fikun()
        n = n + 1;
        k = n;
    end
end

Níhìn-ín, n tí onka dá sílẹ̀ ni fikun ń lò, òun ni ó sì ń fi ọ̀kan kún. Àká ayípadà kan náà ni wọ́n jọ ń mú nǹkan. Sàkáání orúkọ fikun pẹ̀lú kéré ju ti po lọ. Fọ́ńṣọ̀n oníbọ̀ tí ó gbà á sínú lè pè é. Àfibọ̀ mìíràn tí ó wà nínú oníbọ̀ kan náà lè pè é. Àwọn tí wọ́n bá tún fi bọ inú ìwọ̀nyí lè pè é. Ṣùgbọ́n bí fọ́ńṣọ̀n alájọgbé kan bá wà ní ìsàlẹ̀ fáìlì onka.m, kò lè pe fikun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fáìlì kan náà ni wọ́n wà. Alájọgbé wà nínú agboolé. Àfibọ̀ wà nínú yàrá.

MATLAB fúnra rẹ̀ kò da àwọn méjèèjì pọ̀. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀ nínú po, iṣẹ́ tí yóò jẹ́ fún aṣètò ni pé ó ṣẹlẹ̀ nínú iwonooru>po. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú fikun, onka/fikun ni yóò kọ. Àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ ń lò fún wọn. Kò yẹ kí ìwé Yorùbá fi orúkọ kan ṣoṣo pe ohun tí ẹ̀rọ ti yà sọ́tọ̀. Ó tún yẹ kí olùkọ́ ṣàlàyé pé àmì > yìí kò ṣí ilẹ̀kùn ìpè. Ènìyàn lè tẹ help iwonooru>po láti ka àlàyé tí wọ́n kọ sí po; bí ó bá tẹ iwonooru>po(100), MATLAB yóò rò pé ó ń bèèrè bóyá iye kan ju òmíràn lọ ni.

Èèkù fọ́ńṣọ̀n

Báwo wá ni ẹni tí ó wà ní ìta ṣe lè pe po tàbí fikun? Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tí ì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ohun tí ẹni òde nílò ni kí ọwọ́ rẹ̀ tẹ èèkù. Láti MATLAB 6, tí ó jáde ní 2000, ni ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'function handle' ti wà, 'èèkù fọ́ńṣọ̀n' sì ni orúkọ tí ó bá a mu jù lọ ní Yorùbá. Idà lè wà nínú àkọ̀, kí ojú má rí i. Ẹni tí ó bá di èèkù rẹ̀ mú ni ó lè lò ó.

Àmì @ tí ó ṣáájú orúkọ ni ó ń mú èèkù jáde. Ibi tí wọ́n ti mú un jáde ni kókó ọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá kọ @po ní ìta, èèkù tí yóò rí gbà kò lè dé inú iwonooru.m, po ti òde ni yóò máa wá, bí kò bá sì sí, ìpè yóò forí ṣánpọ́n. Ṣùgbọ́n bí @po bá jẹ́ kíkọ nínú fáìlì náà, níbi tí orúkọ ti ní ìtumọ̀, èèkù yóò di ti po gan-an, yóò sì máa jẹ́ tirẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá gbé e lọ. Nítorí náà, ará ilé ni ó gbọ́dọ̀ fa èèkù lé àlejò lọ́wọ́:

(3)
function e = irinse()
e.po = @po;
e.pin = @pin;
end
function y = po(x)
y = 1.8*x;
end
function y = pin(x)
y = x/1.8;
end

Lẹ́yìn tí aṣètò bá ti kọ h = irinse(); ní ìta, h.po(100) yóò mú 180 wá, h.pin(180) yóò sì mú 100 wá. Alájọgbé méjì ti di ẹni tí òde lè pè, fọ́ńṣọ̀n olórí sì ni ó yan àwọn tí yóò jáde.

Ní ti àfibọ̀, èèkù rẹ̀ ń gbé ẹrù jáde. Bí aṣètò bá kọ a = onka(10); tí ó tún kọ b = onka(100);, ìpè kìíní a() yóò mú 11 wá, ìpè kejì yóò mú 12 wá, b() yóò sì mú 101 wá. onka ti parí iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ n kò kú. Inú èèkù ni ó wà. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá sì pe onka, n tuntun ni ó ń dá sílẹ̀, ìdí nìyí tí ti a kò fi bá ti b pàdé. Èèkù alájọgbé kò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá pe h.po(100) ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, 180 náà ni yóò máa jẹ́.

Ibí yìí ni èrè ìyàtọ̀ orúkọ ti hàn. Aṣètò tí ó bá fẹ́ kí gbogbo ayé máa lo alájọgbé kan lè gé e kúrò, kí ó fi sínú fáìlì tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní yí padà bí kò bá gbára lé alájọgbé mìíràn. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí àfibọ̀, n yóò di ohun àjèjì sí i, ètò yóò sì dáwọ́ dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé rẹ̀ pe méjèèjì ní 'ọmọ fọ́ńṣọ̀n' kò ní mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ sọ pé ọ̀kan jẹ́ alájọgbé, èkejì jẹ́ àfibọ̀, ti mọ̀ kí ó tó gbé ọ̀bẹ.

Àwọn ọ̀nà mìíràn

Kí èèkù tó dé, àwọn aṣètò a máa fi orúkọ ránṣẹ́: fọ́ńṣọ̀n olórí yóò gba orúkọ alájọgbé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, yóò sì fi feval pè é láti inú ilé. Ọ̀nà yìí ṣì ń ṣiṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé bí lẹ́tà kan bá ṣìnà nínú orúkọ, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ títí ìpè yóò fi dé, àti pé gbogbo ará ilé ni ó ṣí sílẹ̀ fún òde, bí olórí kò bá yẹ orúkọ wò kí ó tó pè.

Ọ̀nà mìíràn ni àṣẹ tí ń jẹ́ localfunctions, tí ó ń kó èèkù gbogbo alájọgbé inú fáìlì jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú fáìlì náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti pè é, àwọn tí ń ṣe ìdánwò fún ètò ni ó sì wúlò fún jù. Kì í kó àfibọ̀ mọ́ wọn: ẹ̀rí mìíràn nìyí pé ẹ̀yà méjì ni wọ́n. Níkẹyìn, bí fáìlì púpọ̀ bá nílò fọ́ńṣọ̀n kan náà tí kò sì yẹ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, wọ́n lè fi í sínú fódà tí ń jẹ́ private. Àwọn fọ́ńṣọ̀n tí ó wà nínú fódà tí ó gba private sínú nìkan ni yóò lè pè é, pẹ̀lú àwọn tí ó wà nínú private fúnra rẹ̀.

Ǹjẹ́ àwọn orúkọ yìí wúlò fún èdè mìíràn?

Èdè-ìperí tí ó bá wúlò fún ohun kan ṣoṣo kò níye lórí púpọ̀. Àwọn orúkọ yìí kọjá MATLAB. Nínú ALGOL 60 àti Pascal, èyí tí Niklaus Wirth gbé jáde ní 1970, àfibọ̀ wà, ó sì ń lo ayípadà oníbọ̀ rẹ̀. Nínú èdè C, tí Dennis Ritchie dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, òfin èdè náà kò gba àfibọ̀ láàyè. Ṣùgbọ́n fọ́ńṣọ̀n tí ọ̀rọ̀ 'static' bá ṣáájú rẹ̀ jẹ́ alájọgbé gidi, nítorí pé orúkọ rẹ̀ kì í jáde kúrò nínú fáìlì. Bí ó ti rí ní MATLAB, ará ilé lè fa ọ̀nà tí ó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lé òde lọ́wọ́. Olùkọ́ tí ó bá fi Yorùbá kọ́ni ní ọ̀kan nínú àwọn èdè yìí ti la ọ̀nà sí àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ nípa àmì ohùn

MATLAB kì í gba lẹ́tà tí ó ní àmì lórí tàbí nísàlẹ̀ nínú orúkọ fọ́ńṣọ̀n. Nítorí náà, po tí ó wà nínú àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí lè jẹ́ 'pọ̀', ó lè jẹ́ 'pò', ó sì lè jẹ́ 'pọ́n' tí wọ́n kọ tì. owo lè jẹ́ owó, ọwọ́ tàbí ọ̀wọ̀. Nínú fáìlì tí alájọgbé pọ̀ sí, ìforígbárí orúkọ kò ṣòro láti rí. Ìmọ̀ràn méjì ni ó wà: kí orúkọ gùn tó láti dá yàtọ̀, bíi isodipupo dípò po, kí aṣètò sì kọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àmì rẹ̀ nínú àlàyé tí ó tẹ̀lé àmì %, nítorí pé kò sí òfin tí ó ká àmì ohùn lọ́wọ́ kò níbẹ̀.

Àkójọ èdè-ìperí

Fọ́ńṣọ̀n olórí: èyí tí ó ṣáájú nínú fáìlì, tí orúkọ fáìlì jẹ́ orúkọ rẹ̀.
Fọ́ńṣọ̀n alájọgbé: èyí tí ó bá òmíràn gbé inú fáìlì kan, tí ó ní àká ayípadà tirẹ̀.
Fọ́ńṣọ̀n àfibọ̀: èyí tí wọ́n kọ sínú òmíràn, tí ó ń lo ayípadà rẹ̀.
Fọ́ńṣọ̀n oníbọ̀: èyí tí ó gba àfibọ̀ sínú.
Èèkù fọ́ńṣọ̀n: ohun tí ẹni tí kò mọ fọ́ńṣọ̀n ní orúkọ fi lè pè é.
Sàkáání orúkọ: ibi tí orúkọ kan ti ní ìtumọ̀.
Àká ayípadà: ibi tí fọ́ńṣọ̀n ń kó àwọn ayípadà rẹ̀ sí.

Ìgúnlẹ̀

Ní 1970 ni Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ẹ̀kọ́ tí ó kù fún àwọn olùkọ́ òde òní ni pé èdè tí ó bá fẹ́ gbé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò gbọ́dọ̀ dá ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ìmọ̀ náà nù. Yorùbá ní alájọgbé, ó ní àfibọ̀, ó ní èèkù. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó ti wà lẹ́nu àgbẹ̀, lẹ́nu onígírámà àti lẹ́nu jagunjagun kí kọ̀ǹpútà tó dé. Iṣẹ́ tí ó kù ni kí olùkọ́ àti olùtumọ̀ lò wọ́n bákan náà láti ìwé dé ìwé, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ orúkọ fọ́ńṣọ̀n lè mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà pè é.